Ojú Kì í Jẹ́ Orúkọ Ìdílé

Alámì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé ó kọlà o. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bá ẹbí wá èèyàn wọn tó sọnù ló ti ń jẹun, lókè pátápátá ilé gíga kan tó kọjú sí ibùdókọ̀ ojú irin. Bí ọmọdé bá ṣìnà, bí arúgbó bá jáde nílé tí kò mọ ọ̀nà àbọ̀ mọ́, àtẹ̀gùn ilé yẹn ni ẹbí máa ń gùn, tí wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí fọ́tò á wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará ọ́fíìsì á gba orúkọ, ọjọ́ orí àti irú aṣọ tí onítọ̀hún wọ̀ jáde, wọn á gba fọ́tò, wọn á kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á wá pín in kiri: ilé ìwòsàn ńlá àti kékeré, àgọ́ ọlọ́pàá, ibùdókọ̀, ilé ìtọ́jú arúgbó. Fíìdì ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pe irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń kọ ọ́, ẹ̀rọ mìíràn ń kà á, kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà.

XML ni èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kì í dá rìn nínú èdè yìí. Àmì á ṣáájú rẹ̀, àmì á tẹ̀lé e, kí ẹ̀rọ tó ń kà á lè mọ̀ pé orúkọ nìyí, aṣọ nìyí, àwòrán nìyí. Obìnrin yìí ló ń wo àwọn àmì náà lójoojúmọ́ bóyá wọ́n gún régé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé àbúrò òun lè rí eèrà lójú ìwé kó má rí erin lójú títì. Òun náà á ní kí ẹ̀gbọ́n máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, pé erin kò ba kọ̀ǹpútà kankan jẹ́ rí, eèrà ló ń bà á jẹ́.

Bàbá wọn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Káfíńtà ni bàbá yìí nígbà tí ara ṣì le; ìdajì ilẹ̀kùn àdúgbò náà, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ti ń jò díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀, ó lè mọ ọmọ rẹ̀ dáadáa, kó gbàdúrà fún un kó tó lọ síbi iṣẹ́. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó lè máa pè é ní ìyá òun, kó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó má na òun. Yàrá yòówù kó wọ̀, igi ilẹ̀kùn ló máa kọ́kọ́ fi ìka kàn, kó tó kí ẹni tó bá níbẹ̀. Ìyá aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló ń bá wọn ṣọ́ ọ. Ó máa ń gbé àga fún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, bàbá á jókòó, á máa ṣa òwú tó já nílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ tó kan bàbá, ó ti kan àwọn ẹlòmíràn.

Tẹ́lẹ̀, fíìdì mẹ́ta ló wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti ọ́fíìsì àwọn tó sọnù, ti ilé ìwòsàn, ti ọlọ́pàá. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Wọ́n dà á pọ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ sì dojú rú, torí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní àmì tó ń jẹ́ "ẹni". Ẹni tó sọnù, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni tí ọlọ́pàá mú, "ẹni" ni gbogbo wọn. Ìgbà kan wà tí ilé ìwòsàn kan tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ de jàgùdà tí ọlọ́pàá ti tì mọ́lé láti àná. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn kọ ètò kọ̀ǹpútà wá fún ilé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìdílé. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, àbí? "Ẹni" ti ilé tiwa, "ẹni" ti ilé ìwòsàn, "ẹni" ti ọlọ́pàá: orúkọ ìdílé á wà níwájú, àmì kókó méjì (:) á tẹ̀lé e, orúkọ ọmọ á wá tẹ̀yìn bọ̀. Títí dé ibẹ̀, ó dára. Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé ètò náà kò mọ ibi tó yẹ kí òun ti dúró.

Nínú èdè yẹn, àmì dà bí èèyàn, àbùdá sì dà bí ohun tó wà lára èèyàn. Àmì àwòrán ní àbùdá kan tó ń jẹ́ "ibi", òun ló ń sọ ibi tí fọ́tò wà, kí ẹ̀rọ lè lọ gbé e wá. Orúkọ ìdílé tí wọ́n bá kọ sẹ́nu ọ̀nà máa ń ran gbogbo ọmọ inú ilé tí kò bá ní orúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n kì í ran àbùdá. Àbùdá tí kò sí orúkọ níwájú rẹ̀ kò sí nínú ìdílé kankan. Ti àmì tó gbé e ni, ó parí. Ètò tuntun kò wo ìyẹn. Ó lẹ orúkọ ìdílé mọ́ àmì, ó tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ àbùdá. "Ibi" di "ile:ibi", torí "ile" ni orúkọ ìdílé tiwa. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, àjèjì ló wọlé. Òfin tí wọ́n sì fún àwọn ẹ̀rọ tó ń ka fíìdì ni pé bí wọ́n bá rí àjèjì, kí wọ́n má pariwo, kí wọ́n fò ó kọjá. Wọ́n fò ó kọjá. Ní gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké tó ń lo ẹ̀rọ àtijọ́, orúkọ hàn, ọjọ́ orí hàn, ibi tó yẹ kí ojú èèyàn wà funfun báláú.

Alámì tètè rí i. Ó pe ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, tí kì í bínú.

"Ẹ̀rọ tó ń yẹ ìwé wò ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, mà," ni ẹnjiníà wí.

"Mo mọ̀ pé kò sí. Ẹ kọ ọ́ dáadáa, àmọ́ ohun tí ẹ kọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá. Ẹnjiníà, tí ẹ bá ń júwe mi fún èèyàn, ṣé ẹ máa ní ojú mi ń jẹ́ orúkọ bàbá mi ni? Ojú kì í jẹ́ orúkọ ìdílé. Ojú mi ni, ó tán. Àfi tí mo bá yá awò ojú ẹlòmíràn wọ̀ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè pé awò ta ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kò bá a jiyàn. "Òótọ́ ni, mà. Mo ti rí i. Àwa la ṣì í."

"Ẹ bá wa yọ ọ́ nígbà náà."

"Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn ẹ̀rọ tuntun tá a gbé fún àwọn ilé ìwòsàn ńlá, èyí tó ní orúkọ ìdílé ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Tá a bá yọ ọ́, tiwọn náà á di funfun."

"Ẹ kọ méjèèjì síbẹ̀. 'Ibi' lásán kan, 'ile:ibi' kan. Òfin gbà á. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, wọn ò lè bára wọn jà."

"Òótọ́ lẹ tún sọ, mà. Màá gbé e síwájú ìgbìmọ̀ tó ń darí ètò yìí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ti ètò pa. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí àwọn aláyẹ̀wò tí àwọn aláṣẹ rán wá yẹ iṣẹ́ wa wò á fi lọ."

Ó dà bíi kéèyàn máa bá ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀ jìjàkadì. Ká ní ó jiyàn ni, Alámì ì bá mọ ibi tó máa gbá a mú. Bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹbí kan á pe ọ́fíìsì, wọ́n á ní nọ́ọ̀sì ní òun ò rí fọ́tò ìyá àwọn. Alámì á ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Kí ló tún fẹ́ sọ? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú. Ìyá aránṣọ sáré jáde lọ ká aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ kúrò lórí okùn kí òjò tó dé. Ìgbà tó wọlé padà, tó da aṣọ lé tábìlì, àga ti ṣófo. Ó kọ́kọ́ rò pé bàbá gòkè lọ tọ̀ ni. Ó pè é, pè é. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù.

"Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé o wá mú bàbá?"

"Mú wọn lọ síbo, mà? Ibi iṣẹ́ ni mo wà."

"Yéè! Mo gbé!"

Alámì kò mọ bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ látòkè ilé yẹn. Nígbà tó máa dé àdúgbò, òjò ti ń rọ̀ kíkankíkan, ìyá aránṣọ sì dúró lójú títì láìbo orí, ó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Wọ́n wo ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́ níkorítà, torí ibẹ̀ ni pákó wà. Wọ́n wo ṣọ́ọ̀bù ẹni tí bàbá kọ́ níṣẹ́ rí. Wọ́n dé ibùdókọ̀ ojú irin, ọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní òun ò wo ojú àwọn arúgbó, pé wọn kì í sanwó, wọ́n kàn máa ń kọjá ni. Ẹ̀gbọ́n ti ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní kí àbúrò òun má sunkún, òun ti ń yí ọkọ̀ padà, ohùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ti ya.

Nígbà tí wọn kò rí i, Alámì padà sí ọ́fíìsì pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́rùn. Ó jókòó síbi tó ti ń kọ ìkéde fún ẹbí àwọn ẹlòmíràn. Ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ó kọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ̀wù funfun, ṣòkòtò búráùn, sálúbàtà. Ó wá gbé fọ́tò sí i, èyí tí ẹ̀gbọ́n yà nígbà tí bàbá kan kọ́bọ́ọ̀dù tó kẹ́yìn láyé rẹ̀: ó fi ẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín òkè kan kò sí, àpá pákó tó gbá a lójú wà lókè ìpéǹpéjú. Ẹni tó bá rí fọ́tò yẹn kò ní í ṣì í mọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ó tẹ̀ ẹ́, ìkéde sì jáde. Ó wo ohun tó jáde náà bí ó ṣe máa ń wo ti gbogbo èèyàn: "ile:ibi". Ó nù ún kúrò, ó kọ "ibi" lásán, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ètò tún lẹ orúkọ ìdílé mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, bíi sójà tó ń lu òǹtẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ó gbìyànjú láti kọ àpá àti eyín náà mọ́ orúkọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àtijọ́ kì í fi ju ìlà kan hàn, orúkọ, ọjọ́ orí àti aṣọ nìkan ni ìlà náà sì gbà. Ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì, obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé ìwòsàn kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ò gbé e. Àwọn kan gbé e, wọ́n ní kó mú sùúrù, wọ́n sì gbàgbé ẹ̀ sórí ìlà. Ní ọ̀kan nínú wọn, ní ìlú kékeré kan tí ọkọ̀ ojú irin ti máa ń yí padà, nọ́ọ̀sì kan tí ohùn rẹ̀ dàbí ti ẹni tí kò sùn dá a lóhùn.

"Bàbá arúgbó? Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wa, mà. Àwọn èèyàn ló gbé wọn wá lánàá, òjò ti pa wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ orúkọ tí ẹ dá yẹn."

"Orúkọ wo ni wọ́n ń jẹ́?"

"Ẹ má bínú, mà, a kì í dárúkọ aláìsàn fún ẹni tá ò mọ̀. Wọ́n sáà dárúkọ ara wọn fún wa, kedere báyìí, láìṣiyèméjì."

"Ṣé ẹ̀wù funfun ló wà lọ́rùn wọn?"

"Rárá o, jákẹ́ẹ̀tì dúdú ni."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìkéde wa lójú ẹ̀rọ yín. Ẹ wo fọ́tò, kẹ́ ẹ wo ojú bàbá yẹn."

Alámì gbọ́ bí àga ṣe lọ́ nílẹ̀, ó gbọ́ tí wọ́n ń tẹ nǹkan. "Mo ti rí ìkéde yín, mà. Kò sí fọ́tò níbẹ̀. Àyè ẹ̀ wà, àmọ́ funfun ni."

"Ẹ jẹ́ kí n fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Àpá wà lókè ìpéǹpéjú wọn, eyín òkè kan kò sí."

"Háà, wọ́n ti kà á léèwọ̀ fún wa. Nọ́ọ̀sì kan pàdánù iṣẹ́ ẹ̀ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wá sórí ẹ̀rọ nìkan la lè lò. Àpá àti eyín tó ká, arúgbó wo ni kò ní in, mà? Ẹ fọkàn balẹ̀, mà, ó máa dé."

Kí lèèyàn fẹ́ fi dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi? Orúkọ kò bára mu, aṣọ kò bára mu. Alámì dúpẹ́, ó sì pe èyí tó tẹ̀lé e. Wọn kò mọ̀ nígbà yẹn pé ẹnì kan tó ṣàánú bàbá nínú ọkọ̀ ojú irin ló bọ́ jákẹ́ẹ̀tì fún un, àti pé orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá fúnra rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ ló ń jẹ́ fún àwọn èèyàn lọ́hùn-ún.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló wọlé tọ Ọ̀gá.

"Mà, ẹ bá mi bẹ ilé-iṣẹ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí wọ́n fi kún un. Ẹ̀mí èèyàn ni."

Ọ̀gá pe ẹnjiníà lójú ẹ̀, ó gbé fóònù sí gbangba kí àwọn méjèèjì lè máa gbọ́. Ẹnjiníà ò yí ohùn padà nígbà tó gbọ́ ẹni tó sọnù.

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, mà. Ó wà lórí kọ̀ǹpútà mi, mo ti dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ni kò sí lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wa ló mú un, ó sì ní tí òun bá ṣí i nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò wà nínú ilé, àyẹ̀wò gbogbo á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀," ni Ọ̀gá wí.

Wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Ó bá wọn kẹ́dùn dáadáa. Ó béèrè orúkọ bàbá, ó ní òun á fi í sínú àdúrà. Ó ní ìgbìmọ̀ ló lè fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ á sì jókòó bí àwọn aláyẹ̀wò bá ti ń lọ. Nígbà tí fóònù kú, Ọ̀gá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ọmọ mi, mi ò mọ ibi tí mo tún lè kàn," ló wí. Alámì mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n kò dúró de ẹ̀rọ kankan. Ó tẹ fọ́tò bàbá sórí ìwé, ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó ń lẹ̀ ẹ́ káàkiri: ara òpó iná, ẹnu ọ̀nà ọjà, ògiri ilé ẹjọ́. Òjò ń fọ̀ ọ́ dànù lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń padà lọ lẹ òmíràn. Apá àríwá ló kọ́kọ́ mú, nítorí ẹnì kan sọ fún un pé òun rí bàbá kan níbẹ̀ tó ń fọwọ́ pa gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹlòmíràn ni. Ìlú kékeré tí ọkọ̀ ojú irin ti ń yí padà, apá gúúsù ló wà.

Níbẹ̀, òtútù òjò ti wọ bàbá láyà. Ó ń wú ikọ́, ó ń gbóná, èémí rẹ̀ ń ṣòro. Dókítà ilé ìwòsàn kékeré náà wò ó, ó ní èyí ti kọjá agbára àwọn, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà nígboro. Wọ́n gbé e lọ. Bí wọ́n ṣe gbé e wọlé níbẹ̀, akọ̀wé ẹnu ọ̀nà wo ojú ẹ̀rọ tuntun tó wà níwájú rẹ̀, ó rí ọkùnrin kan tó fi ẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù tó ń rẹ́rìn-ín, eyín kan kò sí, àpá wà lójú. Ó wo orí ibùsùn tí wọ́n ń tì kọjá. Ó gbé fóònù.

Bí bàbá ṣe di rírí nìyẹn. Ká ní ara rẹ̀ kò burú débi tí wọ́n fi gbé e kúrò níbi tó wà, ẹ̀rọ tó lè mọ̀ ọ́n kì bá tí rí i.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó kún fún òórùn oògùn. Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, rọ́bà wà nímú rẹ̀, ó ti gbẹ mọ́ egungun. Ó la ojú nígbà tí Alámì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì," ló wí.

"Bàbá, èmi ni."

"Ẹ ṣé tí ẹ wá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín níṣẹ́ kan." Ó dúró kó lè mí. "Mo ní ọmọ obìnrin kan. Ibi tí wọ́n ti ń wá èèyàn tó sọnù ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi pè é. Tó bá ti gbọ́ pé mo sọnù, kì í pẹ́ tó fi máa rí mi. Ó mọ iṣẹ́ yẹn gan-an."

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ògiri. Alámì tún aṣọ ìbora bàbá ṣe.

"Màá pè é, Bàbá," ló wí.

"Ẹ sọ fún un kó má sáré. Títì ń yọ̀."

Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà níbẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó bá a wí pé irun rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó béèrè lọ́wọ́ Alámì bóyá ó ti pe ọmọ òun, Alámì ní ó ti wà lọ́nà. Dókítà ń yí oògùn padà, ó ń mi orí. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, nígbà tí ikọ́ náà ò tíì wọnú. Kò sọ ọ́ láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó kàn ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Láàárọ̀ kan tí ìyá aránṣọ wá kí i, tó gbé ìrọ̀rí tó rán fún un dání, bàbá mí kan, kò sì mí òmíràn mọ́.

Wọ́n sin ín. Ìyá aránṣọ kò gbé àga yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sì ń yẹra fún un bí ẹni pé èèyàn ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ń bẹ Alámì pé kó má bínú. Alámì ń bẹ òun náà pé kó má bínú. Ìgbà tó yá, àwọn méjèèjì dákẹ́ ẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí Alámì padà síṣẹ́, Ọ̀gá pè é sínú, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi lẹ́tà kan hàn án. Ilé-iṣẹ́ náà ti kọ̀wé. Wọ́n ń ṣe àkójọ àwọn tí ẹ̀rọ tuntun ti bá wọn rí, láti fi han àwọn aláyẹ̀wò, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹbí lè yọ̀ǹda fọ́tò bàbá.

"Mo ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́ ni," ni Ọ̀gá wí. "O lè ní rárá."

"Ṣé irọ́ ni, mà?" ni Alámì béèrè. "Ẹ̀rọ tuntun ló sáà rí wọn."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó padà sí ìjókòó rẹ̀.

Àwọn aláyẹ̀wò parí, wọ́n lọ. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n sì fọwọ́ sí i láìsí àríyànjiyàn, torí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ bá jiyàn níbẹ̀. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ pe Alámì láti sọ fún un. Ó ní, "Mà, a ti ṣe é. Méjèèjì ti wà níbẹ̀ báyìí, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ." Ohùn rẹ̀ kò tutù mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Alámì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ohun tó ń jáde: "ibi" wà, "ile:ibi" wà, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lára àmì kan, wọn ò jà.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó rò ó. Bí wọ́n ṣe tún ètò náà ṣe, ó kó gbogbo ìkéde ọdún náà, ti ẹni tí wọ́n ti rí àti ti ẹni tí wọn ò tíì rí, ó tún wọn rán jáde bí ẹni pé òní ni wọ́n kọ wọ́n. Ní gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké, níbi tó ti funfun fún ìgbà pípẹ́, ojú àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Fóònù ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ará ọ́fíìsì ń gbé e, wọ́n ń kígbe síra wọn, inú wọn ń dùn. Wọ́n ti rí ìyá kan nílé ìtọ́jú arúgbó kan, wọ́n ti rí ọ̀dọ́mọbìnrin kan.

Fóònù tó wà lórí tábìlì Alámì náà dún. Ohùn obìnrin kan ni, ohùn ẹni tí kò sùn.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ọ́fíìsì àwọn tó sọnù nìyẹn? Bàbá kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lójú ẹ̀rọ wa báyìí, eyín kan ò sí lẹ́nu wọn, àpá wà lójú wọn. Mà, mo mọ bàbá yìí! Èmi ni mo gba bàbá yìí wọlé. Orúkọ míì ni wọ́n sọ fún wa. Ẹ tètè wá o, ilé ìwòsàn ńlá la gbé wọn lọ, ẹ lè bá wọn níbẹ̀."

Alámì gbọ́ bí inú nọ́ọ̀sì náà ṣe ń dùn. Ó gbé ọwọ́ kejì lé fóònù, kó má bàa bọ́.

"Ẹ ṣé gan-an, nọ́ọ̀sì," ló wí. "Àwọn ẹbí wọn ti dé ibẹ̀."

"Ọpẹ́ o! Ọkàn mi balẹ̀ wàyí. Ṣé ara wọn ti yá?"

Ní tábìlì kejì, fóònù mìíràn ti ń dún, ọwọ́ gbogbo èèyàn sì kún, kò sẹ́ni tó lè gbé e.